Òdòdó Tí Ó Ta Iṣu Olóró

Bí ẹnikẹ́ni bá bi wá léèrè pé kí ni olóòtú ń wá nínú ìkòkò òdòdó, èsì wa ni pé yàrá tí ọmọ ti ń kàwé jẹ́ ọ̀ràn ìlú pẹ̀lú. Ó dùn wá pé òdòdó oníke tí eruku bò ni ó kún orí tábìlì wa, nígbà tí gloriosa ń hù fúnra rẹ̀ nínú igbó ilẹ̀ Áfíríkà, tí Nàìjíríà sì wà lára ibi tí ó ti ń hù. Òdòdó pupa ni, etí rẹ̀ yẹ́lò, ó sì ń ká sókè bí ọwọ́ iná. Àwọn ará Holland ń gbìn ín sínú ilé onígíláàsì, wọ́n ń tà á gbówó. Òun ni òdòdó orílẹ̀-èdè Zimbabwe. Ní 1947, nígbà tí ibẹ̀ ṣì ń jẹ́ Southern Rhodesia, àwọn ọmọ ilé-ìwé dáwó jọ, wọ́n fi dáyámọ́ǹdì ṣe àwòrán rẹ̀ fún Elizabeth, ọmọ ọba Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí ó pé ọmọ ọdún 21.

Gbígbìn rẹ̀ kò le. Iṣu rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì pẹ̀ka méjì; ìkángun ẹ̀ka ni ojú tí yóò hù wà, bí ojú náà bá sì ṣẹ́, ẹ̀ka náà di òfo. Ẹ tẹ́ ẹ gbọọrọ sínú ìkòkò tí ó ní ihò nísàlẹ̀, kí erùpẹ̀ bí íńṣì méjì bò ó. Ẹ gbé e sẹ́bàá fèrèsé tí ìmọ́lẹ̀ ń wọ̀, ẹ sì fi ọ̀pá tì í, nítorí ṣóńṣó ewé rẹ̀ ni ó fi ń di nǹkan mú gòkè. Ǹjẹ́ ẹ̀kọ́ kékeré ha ni èyí fún ọmọ ilé-ìwé bí? Bí ó bá tanná tán, ewé rẹ̀ yóò gbẹ. Kò kú, ẹ dá omi rẹ̀ dúró ni.

Ṣùgbọ́n iṣu náà kì í ṣe jíjẹ. Oró colchicine wà nínú gbogbo ara igi náà, ó sì pọ̀ nínú iṣu. Ní Sri Lanka, àwọn ènìyàn ti sè é jẹ ní èrò pé ọ̀dùnkún ni. Èébì àti ìgbẹ́ gbuuru ni ó fi bẹ̀rẹ̀, àwọn mìíràn sì kú. Lóòótọ́, oró yìí kan náà ni oníṣègùn ń wọ̀n bíńtín fún àrùn kan tí ń mú oríkèé wú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ oníṣègùn nìyẹn.

A kò gbà pẹ̀lú ẹni tí yóò wí pé kí a má gbìn ín rárá. Ohun tí a kọ̀ ni kí a kó iṣu rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀dùnkún nílé ìdáná. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ MÁJÈLÉ gàdàgbà sára ìkòkò náà, kí ẹ sì gbé e sí ibi tí ọwọ́ ọmọdé kò tó. Kíláàsì àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi kò gbọdọ̀ ní in. Ní àkókò tí ewé bá ti gbẹ, inú àpótí alágádágodo ni kí iṣu wà, nínú iyanrìn gbígbẹ, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ olùkọ́ àgbà.