Ta Ni Ó Ni Ìmọ̀? Àríkọ́gbọ́n láti Ọ̀dọ̀ Àwọn Ọmọ-Onílẹ̀ Amẹ́ríkà

Ilé-ẹ̀kọ́ wà lára ohun tí ìjọba Amẹ́ríkà fi gba èdè lẹ́nu àwọn ọmọ-onílẹ̀ tí ìwé àtijọ́ ń pè ní Íńdíà. Ní 1879 ni Richard Henry Pratt dá ilé-ẹ̀kọ́ Carlisle sílẹ̀ ní Pennsylvania. Wọ́n gé irun àwọn ọmọ tí wọ́n kó débẹ̀, wọ́n fún wọn ní orúkọ òyìnbó, wọ́n sì ń fìyà jẹ ẹni tí ó bá fọ èdè abínibí rẹ̀. Àwa tí wọ́n ti fi páálí kọ́ lọ́rùn rí nítorí pé a sọ Yorùbá ní kíláàsì mọ díẹ̀ nínú ìyà yìí.

Síbẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ náà ni àwọn ọmọ-ọmọ wọn padà gbé ìjà lọ. Láti oṣù kọkànlá 1968 di oṣù kẹta 1969, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú àti ti ẹ̀yà mìíràn gùn lé ìyanṣẹ́lódì ní San Francisco State. Ẹ̀kọ́ nípa ọmọ-onílẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n rí gbà. Ní 1969 kan náà, Yunifásítì Minnesota dá ẹ̀ka tirẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì ń kọ́ èdè Dakota àti Ojibwe níbẹ̀ títí di òní.

Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni kò kọ̀wé nípa wọn tẹ́lẹ̀. Àwọn onímọ̀ ti kọ ọ́ kún àká. Ohun tí Vine Deloria, ọmọ Sioux, fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ lé lórí nínú Custer Died for Your Sins (1969) gan-an nìyẹn: wọn a dé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọn a ṣe àkọsílẹ̀, wọn a lọ gba oyè, onílé kò sì rí nǹkan kan mú.

Iṣẹ́ tí ó wù mí jù ni ti Jessie Little Doe Baird, ọmọ Wampanoag ní Massachusetts. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ẹni tí ń sọ èdè wọn ti tán kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ní 1993. Ó kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ní MIT, ó sì gba oyè kejì ní 2000. Bíbélì tí John Eliot tẹ̀ jáde ní 1663 láti fi yí àwọn baba ńlá wọn lọ́kàn padà, pẹ̀lú ìwé ilẹ̀ tí àwọn baba náà fọwọ́ ara wọn kọ, ni wọ́n tú palẹ̀ láti rí gírámà. Ọmọbìnrin rẹ̀ gbọ́ èdè náà láti kékeré.

Ẹ jẹ́ kí a wá yẹ ara wa wò. Akẹ́kọ̀ọ́ wa a lọ bá ìyá arúgbó, a gba ẹkún ìyàwó lẹ́nu rẹ̀ sórí fóònù, a tẹ̀ ẹ́, a dì í, a gba N.C.E. Ìwé náà yóò wà lórí pẹpẹ wa; ìyá kò ní rí i, àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ kò ní gbọ́ ohùn rẹ̀. Èyí kò yàtọ̀ sí ohun tí Deloria ń wí, àfi pé ọmọ ilé ni ó ń ṣe é. Èrò tèmi ni pé kí olùkọ́ kankan má ṣe fọwọ́ sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ títí akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi dá ẹ̀dà ohùn náà padà sí agbo ilé tí ó ti gbà á.