Yaba: Ta ni ó ń gbé níbẹ̀?

Nínú àwọn ọ̀dọ́ wa ní Kouloundè, ní Kambolé àti ní Tchamba, ẹni tí ó bá fẹ́ràn kọ̀ǹpútà kì í pẹ́ kí ó tó dárúkọ Èkó. Nínú Èkó náà, Yaba ni wọ́n ń sọ. Ẹ jẹ́ kí a yẹ àdúgbò yìí wò lóṣù yìí. Èmi kò fẹ́ dá ẹnikẹ́ni lọ́nà. Mo kàn fẹ́ kí ẹni tí ó ń lọ mọ irú ilé tí òun ń wọ̀.

Wọ́n ti sọ Yaba ní "Yabacon Valley", kí ó lè jọ Silicon Valley ti California. Àfonífojì kankan kò sí ní Yaba; ojú irin, ọjà Tẹ́júoṣó àti èrò rẹpẹtẹ ni àlejò yóò kọ́kọ́ rí. Silicon Valley fúnra rẹ̀, oko èso ni ilẹ̀ náà jẹ́ kí àwọn ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ tó gbà á. Lónìí, olùkọ́ bíi tèmi kì í rọrùn fún láti rí ilé háyà níbẹ̀.

Ilé-ẹ̀kọ́ ni ó kọ́kọ́ dé Yaba. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìmọ̀ ẹ̀rọ tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Yaba Tech bẹ̀rẹ̀ ní 1947, Yunifásítì Èkó sì bẹ̀rẹ̀ ní 1962 ní Akọka tí kò jìnnà. Akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀, yàrá kéékèèké pọ̀, olóúnjẹ wà ní gbogbo ìkóríta. Nígbà tí Bọ́sún Tìjání àti Fẹ́mi Longe ṣí Co-Creation Hub ní 2011, kí ọ̀dọ́ lè rí tábìlì, iná àti íntánẹ́ẹ̀tì lò, orí ìpìlẹ̀ tí àwọn ẹlòmíràn ti fi lélẹ̀ ni wọ́n kọ́lé sí. Andela tẹ̀ lé wọn ní 2014: ó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ó sì ń fi wọ́n ṣiṣẹ́ fún àwọn ilé-iṣẹ́ òkèèrè. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹjọ ọdún 2016, Mark Zuckerberg tí ó dá Facebook sílẹ̀ fi ẹsẹ̀ rìn ní ìgboro Yaba, gbogbo ayé sì rí àwòrán rẹ̀.

Owó ilé kò sí nínú àwòrán. Bí owó oṣù àwọn oníkọ̀ǹpútà ti ń wọ àdúgbò, bẹ́ẹ̀ ni owó yàrá ń gòkè. Àwọn onílé wó ilé àtijọ́ tí ìdílé mẹ́wàá ń gbé, wọ́n sì kọ́ ilé tí akọ̀wé kékeré kò lè san owó rẹ̀. Òfin ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 sọ pé onílé kò gbọdọ̀ gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Òfin náà yọ Ìkòyí sílẹ̀, kò yọ Yaba. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ onílé ń bèèrè ti ọdún méjì, wọn a sì fi owó agẹ́ńtì àti owó lọ́yà lé e. Ọmọ ogún ọdún tí ó ti Kambolé lọ gbọ́dọ̀ kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó gba owó oṣù àkọ́kọ́. Bí kò bá rí i, Ìkòròdú tàbí Ọ̀tà ni yóò máa sùn, ọkọ̀ ni yóò sì máa jẹ ọjọ́ rẹ̀.

Ní oṣù kẹsàn-án 2019, Andela dá nǹkan bíi 400 ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́ dúró ní Nàìjíríà, Uganda àti Kenya, nítorí pé àwọn tí ó ti pẹ́ nínú iṣẹ́ ni àwọn oníbàárà rẹ̀ ń fẹ́. Èmi kò tíì gbọ́ pé onílé kan dá owó padà nítorí pé ilé-iṣẹ́ òkèèrè yí ọkàn padà.

Ní orílẹ̀-èdè tiwa ńkọ́? Ní 2012, Sénamé Koffi Agbodjinou, ayàwòrán ilé, dá WoeLab sílẹ̀ ní àdúgbò Djidjolé ní Lomé. Níbẹ̀ ni Afate Gnikou ti fi àwọn kọ̀ǹpútà tí a ti sọ nù ṣe ẹ̀rọ tí a ń pè ní imprimante 3D ní èdè Faransé, èyí tí ń fi ike yíyọ́ mọ nǹkan ní ìpele ìpele. Èrò Agbodjinou ni pé kí irú ibi bẹ́ẹ̀ wà fún àwọn tí ó lè fi ẹsẹ̀ rìn dé ibẹ̀, ní ìwọ̀n kìlómítà kan yíká. Mo fẹ́ràn èyí ju àfonífojì lọ, nítorí pé ẹni tí ó ti ń gbé àdúgbò tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún.

Okùn íntánẹ́ẹ̀tì Equiano dé etíkun Lomé ní oṣù kẹta 2022. Sokodé ju 300 kìlómítà lọ sí etíkun náà, èmi kì yóò sì tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ṣùgbọ́n yàrá bàbá ẹni kò ní agẹ́ńtì. Ohun tí a kò ní ni kíláàsì kan tí yóò ṣí sílẹ̀ lálẹ́, tí iná àti kọ̀ǹpútà díẹ̀ yóò sì wà nínú rẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní ẹ̀gbọ́n ní Èkó, kí ó bi í pé èló ni ó san kí ó tó wọ yàrá rẹ̀. Kí ó yí iye náà sí CFA, kí ó mú un lọ sí ọjà Sokodé, kí ó bèèrè iye kọ̀ǹpútà àlòkù àti pánẹ́ẹ̀lì oòrùn tí ó lè rà. Mò ń retí àwọn ìdáhùn yín kí ìwé ìròyìn tí ń bọ̀ tó jáde.