Àyẹ̀wò Ọlẹ̀ Kí Ó Tó Dé Inú Ìyá

Òtútù ọyẹ́ Jọ́ọ̀sì kì í ṣe ohun tí ẹni tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde lè fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Ìlú náà ga ju ojú òkun lọ tó nǹkan bí 1,200 mítà. Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, ìrora a máa gbé ọmọ mọ́jú ní Laranto, àwọn òbí rẹ̀ a sì máa wá ọkọ̀ tí yóò gbé e dé ilé ìwòsàn lóru. Àwọn ẹbí tí ì bá gba ọmọ náà lọ́wọ́ wọn wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ọ̀fà.

Irú òbí bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àyẹ̀wò ọlẹ̀ kàn gbọ̀ngbọ̀n. Bí ọkọ bá jẹ́ AS, tí aya náà sì jẹ́ AS, nínú oyún mẹ́rin, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan jẹ́ SS. Àwọn oníṣègùn lè pa ẹyin obìnrin pọ̀ mọ́ àtọ̀ ọkùnrin lóde ara, kí wọ́n yẹ ọlẹ̀ wò ní bí ọjọ́ márùn-ún, kí wọ́n sì gbé èyí tí kò ní àrùn sínú ìyá. Ní 1999 ni àwọn oníṣègùn New York ròyìn pé ọ̀nà yìí bọ́ sí i fún àrùn SS. Àwọn ilé ìwòsàn aládàáni kan ń ṣe é ní Nàìjíríà lónìí, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù náírà ni.

Àwọn kan ní ẹni tí ó ń ṣa ọlẹ̀ ń bá Ẹlẹ́dàá du iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ ńlá ni, kò yẹ ní fífi ṣẹ̀sín. Síbẹ̀, Yorùbá kò fi ọwọ́ lẹ́rán wo ikú ọmọ rí. Àwọn baba ńlá fi abẹ kọ ara òkú àbíkú, wọ́n sọ àwọn mìíràn ní Málọmọ́ àti Dúrójayé, nígbà mìíràn wọ́n sì di ẹ̀bi ru ìyá. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ náà jẹ́ SS, ìmọ̀ ẹ̀jẹ̀ sì ti fihàn pé baba náà ní ọwọ́ níbẹ̀ bí ìyá. Èyí nìkan tó láti pa ẹnu àna kan mọ́.

Ibi tí ó ṣòro ni ti ọlẹ̀ tí wọn kò gbé sínú ìyá. Ẹni tí ó gbà pé ènìyàn ni ọlẹ̀ láti ìpìlẹ̀ kò lè fara mọ́ ọn, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ipá mú un. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti sin ọmọ ọdún márùn-ún rí ní ẹ̀tọ́ láti yan ọ̀nà mìíràn. Kí òfin fi àyè gbà á fún àrùn líle bí èyí. Kí ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tí ó ń wá ọmọkùnrin nìkan. Àwọn àgbàlagbà tí wọ́n ní SS, tí wọ́n ń kọ́ni níléèwé, tí wọ́n sì bímọ, ń gbọ́ gbogbo àríyànjiyàn yìí. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àṣìṣe ni wíwá wọn sáyé.

Nǹkan bí 150,000 ọmọ ni wọ́n ń bí pẹ̀lú àrùn yìí ní Nàìjíríà lọ́dọọdún. Àyẹ̀wò ọlẹ̀ kò lè kárí wọn. Àwọn ìjọ kan a máa béèrè ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nígbà tí aṣọ ẹbí ti wà lọ́wọ́ télọ̀. Ó ti pẹ́ jù. Àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ ní Jọ́ọ̀sì lè mú un wọ inú ìpàdé wọn, kí àwọn ọ̀dọ́ mọ̀ ọ́n kí ìfẹ́ tó wọra. Kí ìjọba sì gbé àyẹ̀wò ọmọ tuntun àti oògùn hydroxyurea dé ilé ìwòsàn ìjọba, ní iye tí ìyá tí ń ta gàrí ní Laranto lè san.