Eyín Kọ́ Ló Ń Ṣe Ọmọ Yín

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin ìyá àti bàbá ọmọ tuntun ní gbogbo Òkè-Ògùn,

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá ni mo wọ bọ́ọ̀sì ní Ṣakí, mò ń padà bọ̀ sí Ìsẹ́yìn. Ọkọ̀ ò tíì kún tí ọ̀kan nínú àwọn tó ń polówó oògùn fi bọ́ sáàárín wa. Irú igo kan ṣoṣo ló ń tà. Ó ní ó ń wo jẹ̀díjẹ̀dí, ó ń wo ẹ̀yìn ríro, ó ń wo àtọ̀sí, ó sì ń mú eyín ọmọdé hù wọ́ọ́rọ́wọ́. Mo rẹ́rìn-ín sínú. Àfi bí ọmọbìnrin tó jókòó tì mí ṣe na owó sí i. Kò wo ara igo. Ó ṣí i, ó da omi pupa sínú ìdérí rẹ̀, ó sì gbé e lọ sẹ́nu ọmọ tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó wò mí bí ẹni tó rí olè. "Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, eyín ló ń hù. Ọjọ́ mẹ́ta rèé tó ti ń yàgbẹ́ gbuuru, kò jẹ́ ká sùn."

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń fi òwe yẹn bá ẹlòmíì wí. Lọ́jọ́ yìí, orí ọmọ wọ́ lójú mi lóòótọ́, ó dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ewé ẹ̀fọ́ tí oòrùn pa. Mo fọwọ́ kan àwùjẹ̀ rẹ̀, ó ti jìn wọlé. Ojú rẹ̀ kó sínú. Ó ń sunkún, omijé ò jáde. Ọmọ tí omi ti gbẹ lára rẹ̀ tó báyìí, ṣé eyín ló mu omi náà ni?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀rọ̀ yìí. Ogún ni eyín wàrà, ọmọ á sì tó ọdún méjì àbọ̀ sí mẹ́ta kí gbogbo rẹ̀ tó pé. Bó bá jẹ́ pé eyín kọ̀ọ̀kan ló ń fa ìgbẹ́ gbuuru àti ara gbígbóná, ta ni ìbá ṣẹ́kù nínú wa? Eyín tó ń hù a máa mú kí èrìgì yún ọmọ. Itọ́ a máa dà lẹ́nu rẹ̀, a máa gé ohun tó bá rí jẹ, a sì máa kanra. Ó parí síbẹ̀.

Ohun tó ń tàn yín jẹ ni pé ìgbà kan náà ni gbogbo rẹ̀ ń dé. Bí oṣù mẹ́fà bá ti ń lọ sí méje, eyín ń yọ. Ìgbà yẹn náà lọmọ ń rákòrò, tó ń he ìgbẹ́ adìẹ sẹ́nu. Ìgbà yẹn náà lẹ ń bẹ̀rẹ̀ ògì, tí ààbò tó gbé wá láti inú ìyá rẹ̀ sì ń tán lọ. Ìdọ̀tí wọnú, ẹ ní eyín. Ẹ̀fọn jẹ ẹ́, ibà dé, ẹ ní eyín. Eyín tí kò lẹ́nu tí yóò fi rojọ́ lẹ rí di ẹ̀bi rù.

Àwa náà ti dì í rù ú rí, mi ò ní parọ́. Ní 1974 tí ìyàwó mi bí àkọ́bí wa, ìdí òfì ni mo máa ń wà láti àárọ̀. Ọmọ á wà lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Bí òwú bá ti ń kọjá lọ tó ń kọjá bọ̀, ojú rẹ̀ á máa tẹ̀ lé e. Ìyá mi ló ń wẹ̀ ẹ́. Á fi kànrìnkàn àti ọṣẹ dúdú gbo ó, á nà án lápá, á nà án lẹ́sẹ̀, á wá fi òrí pa á lára títí yóò fi máa dán. Nígbà ọyẹ́, òrí yẹn ni kì í jẹ́ kí awọ rẹ̀ sán. Ṣùgbọ́n kí omi tó kan ọmọ, àtẹ́lẹwọ́ ìyá mi á ti kọ́kọ́ dé àwùjẹ̀. Kò mọ̀wé, ibẹ̀ ló ti ń ka ọmọ.

Ìyá mi yìí kan náà ló sì ń rọ ọmọ. Á tẹ́ ẹ sórí itan, á dí i nímú, á bu àgbo sí àtẹ́lẹwọ́, ọmọ á gbé e mì tipátipá kó tó rí èémí mí. Nọ́ọ̀sì kan jágbe mọ́ ọn lójú mi, ó ní àgbo lè gba ọ̀nà èémí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Inú bí mi: ọmọ àná fẹ́ kọ́ ìyá mi ní ọmọ títọ́! Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ń rọ ọmọ kan ládùúgbò wa, ó há a, kò sì jí mọ́. Láti ìgbà náà ni mi ò ti bá nọ́ọ̀sì jiyàn lórí rírọ.

Ti omi ni mo ṣì ń jà sí. Ìyàwó ọmọ mi bímọ, ó ní ọyàn nìkan títí di oṣù mẹ́fà, kò ní fún un lómi. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn Òkè-Ògùn yìí? Mo bínú, mi ò débẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí mo máa padà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ọrùn mọ́lẹ̀. Ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ń wí náà nìyẹn, pé omi tó tó ọmọ wà nínú ọyàn. Ó dáa, mo gbà. Mi ò ní sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ má tíì yọ̀. Ẹ̀yin tí omi kànga wa ò dáa tó fún ọmọ yín, báwo ni omi pupa tí ẹ ò mọ ẹni tó pò ó ṣe wá dáa? Ní oṣù kọkànlá 2008 ni ariwo ta ní Nàìjíríà yìí pé oògùn eyín kan tó ń jẹ́ My Pikin ń pa ọmọ. Diethylene glycol ló wà nínú rẹ̀, kẹ́míkà tí wọ́n ń lò fún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀. Kíndìnrín àwọn ọmọ náà dáṣẹ́ sílẹ̀, wọn ò lè tọ̀ mọ́. Ọmọ 84 ló bá a lọ. Ní 2022, oògùn ikọ́ tí irú kẹ́míkà yẹn wà nínú rẹ̀ tún pa ọmọ bí 70 ní Gáńbíà. Oògùn tó ti ilé iṣẹ́ wá nìyẹn o. Kí ni ká wá wí nípa ti inú bọ́ọ̀sì?

Mo mọ̀ pé òru gùn, iṣẹ́ sì ń dúró de ilẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ẹkún ni gbogbo ọ̀rọ̀ tí ọmọ ní lẹ́nu. Ẹ ò bi í pé kí ló ń wí, kó ṣá ti dákẹ́ lẹ̀ ń wá. Ẹ̀yin bàbá ọmọ, ẹ má sá sẹ́yìn ìyá. Ọkọ ọmọbìnrin yẹn wà níjòókòó iwájú, ó ki waya bọ etí méjèèjì. Owó igo náà, òun ló na án sẹ́yìn láìbojú wẹ̀yìn.

Láyé ìgbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, dókítà ọmọdé, jẹ́ mínísítà ìlera, láti 1985 sí 1992, ta ni kò gbọ́ nípa omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru? Lónìí, èròjà irú omi bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń pè ní ORS, ti wà nínú ọ̀rá, zinc wà pẹ̀lú rẹ̀. Ọjọ́ 10 sí 14 ni wọ́n ń lo zinc, ìgbẹ́ ì báà ti dá. Ẹ má gba ọyàn lẹ́nu ọmọ. Bí àwùjẹ̀ bá jìn, bí kò bá tọ̀, bí kò bá lè fa ọyàn, bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, ẹ gbé e dìde, ilé ìwòsàn ló kàn.

Mo sọ ọkọ, ìyàwó àti ọmọ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì yẹn, a jọ lọ sí ilé ìwòsàn. Ṣíbí kékeré ni nọ́ọ̀sì fi ń bu omi sí i lẹ́nu, díẹ̀díẹ̀, láti àárọ̀. Nígbà tí ọ̀sán pọ́n, ìyá rẹ̀ tòògbé, wọ́n gbé e lé mi lẹ́sẹ̀. Kò pẹ́, itan mi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ọmọ ti tọ̀ sí aṣọ òfì tí mo fọwọ́ ara mi hun. Mi ò gbé e kúrò.

Ẹ má rò pé inú mi ti rọ̀ o. Owó ọkọ̀ tí awakọ̀ ò dá padà fún mi ṣì wà lọ́rùn yín.

Èmi ni bàbá yín,
Ahunṣọ àgbà, Ìsẹ́yìn.