TA NI À Ń BI LÉÈRÈ Ọ̀NÀ?

Àwọn àgbà a máa wí pé ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Òtítọ́ ni, bí ẹni tí a bi bá jẹ́ olóòótọ́. Bí àlejò bá sọ̀kalẹ̀ ní Sábó, ìbáà ṣe ti Ọ̀yọ́ tàbí ti Ògbómọ̀ṣọ́, tó sì ń wá ilé ẹnì kan, ó lè bi ọlọ́kadà, ó lè bi oníṣọ́ọ̀bù, ó sì lè bi màláàmù tó jókòó sí ẹnu ọ̀nà. Kò sí ẹni tí yóò fi ipá mú un pé ẹnì kan ṣoṣo ni kó bi. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀pọ̀ nínú wa kò tilẹ̀ mọ̀ pé à ń bi ẹnikẹ́ni.

Nọ́ńbà ni kọ̀ǹpútà fi ń wá ara wọn, kì í ṣe orúkọ. Bí a bá tẹ orúkọ ìkànnì kan, fóònù wa á kọ́kọ́ béèrè nọ́ńbà rẹ̀ lọ́wọ́ ohun tí wọ́n ń pè ní DNS, ètò tí Paul Mockapetris gbé kalẹ̀ ní 1983. Bí a bá so fóònù mọ́ Wi-Fi ẹlòmíràn, Wi-Fi náà ni í yan DNS fún wa, àfi bí a bá yí i padà fúnra wa. Ẹni tó ń dáhùn yìí mọ gbogbo orúkọ tí a béèrè. Ó lè sọ pé kò sí irú ilé bẹ́ẹ̀, ó sì lè júwe ilé ẹlòmíràn fún wa.

Ní ilé tí mo ń gbé ní Sábó, bí mo bá ṣi orúkọ ìkànnì tẹ̀, ìpolówó ọjà ni ń yọjú sí mi dípò kí a sọ fún mi pé kò sí i. Ìpolówó kò pa ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó lè júwe ilé ìpolówó fún mi lónìí lè júwe ayédèrú báńkì fún mi lọ́la.

Nígbà tí ìjọba Tọ́kì ti Twitter pa ní oṣù kẹta ọdún 2014, àwọn ènìyàn kọ 8.8.8.8, nọ́ńbà DNS ti Google, sára ògiri kí gbogbo ayé lè rí i. Kò pẹ́ tí àwọn iléeṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ fi dínà dè é, tí wọ́n ń dáhùn bí ẹni pé àwọn ni Google. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé yíyí nọ́ńbà padà nìkan kò tó, nítorí ìbéèrè wa ń lọ ní gbangba. Ó yẹ kí a dì í. Láti 2018 ni fóònù Android ti ní ààyè tí wọ́n ń pè ní Private DNS. Bí a bá kọ dns.google tàbí dns.quad9.net síbẹ̀, onínẹ́tíwọ̀kì lè dí i lọ́nà, ṣùgbọ́n kò lè kà á, kò sì lè fi orúkọ ẹlòmíràn dáhùn. Síbẹ̀, yóò ṣì máa rí nọ́ńbà ibi tí a lọ.

Àwọn kan yóò ní onílé ló ni òfin ilé rẹ̀. Mo gbà. Bí iléèwé kan bá ní kí a má yí DNS òun padà, nítorí àwọn ìkànnì abẹ́lé tí ará ìta kò mọ̀, kí a tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n kí ó sọ ọ́ jáde. Ẹni tó ti ilẹ̀kùn rẹ̀ kò ṣẹ̀. Ẹni tó ṣi àlejò lọ́nà ló ṣẹ̀. Àwọn mìíràn yóò ní a kúrò lọ́wọ́ onílé, a bọ́ sọ́wọ́ Google. Òtítọ́ ni èyí náà, Google kì í ṣe ìbátan wa. Ṣùgbọ́n ẹni tí a fọwọ́ ara wa yàn, a lè fọwọ́ ara wa kọ̀ ọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, bí a bá ń kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun káàbọ̀ lọ́dọọdún, tí a ń fi ọ̀nà yàrá ìkàwé hàn wọ́n, ẹ jẹ́ kí a fi èyí náà hàn wọ́n. Ọmọ tó mọ ẹni tí òun ń bi léèrè ọ̀nà, kò ní tètè ṣìnà.