Ẹ Bi Aláìsàn Léèrè
Ní Ìlọrin níbí, bí ẹni tó ń gba ìtọ́jú àrùn ọpọlọ bá ní ọrùn òun gan, ọwọ́ òun ń gbọ̀n, òun ò lè jókòó sójú kan, ará ilé á ní àìsàn náà ti tún dé. Àwọn míì tilẹ̀ á ní ayé ló ń ṣe é. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, haloperidol, ọ̀kan lára oògùn àrùn ọpọlọ, nìkan lè fa gbogbo rẹ̀. Olanzapine, tóun náà jẹ́ oògùn àrùn ọpọlọ, a máa mú èèyàn sanra, ó sì lè fa ìtọ̀ ṣúgà. Láti 2004 ni Nàìjíríà ti wà nínú ètò Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń ṣọ́ aburú oògùn. NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oògùn nílẹ̀ yìí, ní áàpù Med Safety, tí aláìsàn fúnra rẹ̀ lè fi ròyìn ohun tí oògùn bá ṣe é. Aláìsàn mélòó ló mọ̀? Àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ alárùn ọpọlọ kò ṣeé gbára lé. Ta ló tún wà nínú ara rẹ̀ yàtọ̀ sí òun? Kí dókítà àti apòògùn kọ ohun tó bá sọ sílẹ̀, bó ṣe sọ ọ́. Ìfura lásán ti tó láti fi ròyìn. Ẹni tí wọn ò bá gbọ́ tirẹ̀ á kàn dá oògùn dúró láìsọ fún ẹnikẹ́ni ni.