Páìnì, Igi Asúfèé àti Orúkọ Ẹbí

Ìbéèrè kan wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ní Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgàndò: ṣé páìnì ni igi gíga eléwé bí abẹ́rẹ́ tí a máa ń gbìn sí àgbàlá, tí ń súfèé bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí i?

Kì í ṣe páìnì. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ó so orúkọ páìnì mọ́ ọn. Casuarina ni, àlejò láti Ọsirélíà àti gúúsù ìlà-oòrùn Éṣíà. Ohun tí a ń pè ní ewé rẹ̀, ẹ̀ka wẹ́wẹ́ ni. Ewé rẹ̀ gan-an kò ju ìpẹ́ tín-ín-tín lọ ní oríkèé ẹ̀ka náà. Ó ń tanná, ilé-ọmọ òdòdó rẹ̀ sì ń di èso tí ó bo hóró. Ìrókò ni ó bá tan, kì í ṣe páìnì. Páìnì kò ní ilé-ọmọ bẹ́ẹ̀ rárá. Orí ìpẹ́ kóónù ni hóró rẹ̀ jókòó sí.

Ta wá ni ìbátan páìnì nílẹ̀ wa? Ewé afang ni, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní ukazi, tí a ń rẹ́ wẹ́wẹ́ fún ọbẹ̀. Ìtàkùn ni, ewé rẹ̀ sì fẹ̀. Síbẹ̀ òun náà kò ní ilé-ọmọ òdòdó tí í di èso.

Nítorí náà, bí a bá pe ẹbí yìí ní ‘igi eléwé-abẹ́rẹ́’, a ti lé ọmọ bíbí ilé síta, a sì ti gba àlejò wọlé. ‘Igi Kérésìmesì’ kò sàn jù ú lọ: àṣà ni ó ń sọ, kì í ṣe ìmọ̀. Àwọn onímọ̀ fa orúkọ tiwọn yọ láti inú èdè Gíríìkì, ‘oníhóró-ìhòòhò’ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni ìyẹn yóò dá sílẹ̀ nínú kíláàsì.

Àbá wa ni ‘ewéko oníhóró-ìta’, kí ìyókù sì jẹ́ ‘ewéko oníhóró-inú’. Ẹnìkan lè sọ pé hóró páìnì fara pamọ́ sáàárín ìpẹ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn kò tíì wọ inú àpótí. Ní ti igi páìnì fúnra rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a yá orúkọ rẹ̀ lò, bí àwọn atúmọ̀ Bíbélì ti yá kédárì àti fírì.

Gẹ̀ẹ́sì wo ọ̀pẹ̀-òyìnbó, ó rántí kóónù páìnì. Yorùbá wò ó, ó rántí ọ̀pẹ. Kò sí ẹ̀bi níbẹ̀, orúkọ ọjà ni. Ṣùgbọ́n èdè-ìperí kò gbọdọ̀ fi ojú lásán sọ orúkọ. Láti ọdún 1970 ni ètò Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì. Bí orúkọ tí a fún ọmọ náà bá ṣì í lọ́nà, èdè wa ni wọn yóò dá lẹ́bi, kì í ṣe àwa tí a sọ orúkọ.